Ẹ̀rọ Dókítà Ṣótúndé Tún Fẹ́ Gba Ríbọ́ọ̀nù

Dókítà Kíkẹ́lọmọ Ṣótúndé ti kú. Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá la sin ín sí Àtàn-Ọ̀tà. Àwọn ọ̀gá yunifásítì rẹ̀ wá, bọ́ọ̀sì wọn ń dán, wọ́n sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa. Nígbà tó wà láàyè, wọn ò ráyè.

Girama ni mo kà mọ, mo sì ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń lọ ike àlòkù ní Ṣàngó-Ọ̀tà. Ó lè jẹ́ èmi lọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé ò yé.

Owó ìjọba ni obìnrin yìí fi ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń so mọ́ ẹnu ẹ̀rọ ìlọke. Bí ike gbígbẹ bá wọlé, kò ní ṣe nǹkan kan. Bí ọwọ́ èèyàn bá kàn án, gbogbo rẹ̀ á dúró. Lọ́jọ́ tó gbé e wá bá wa, ó ki ọ̀gẹ̀dẹ̀ bọ inú ìbọ̀wọ́, ó tì í sẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ dákẹ́. Ó bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà fún Hafeez, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ó ní, "Jẹ ẹ́, ọwọ́ rẹ nìyẹn." A rẹ́rìn-ín títí.

Ọ̀gá wa fẹ́ rà á lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n yunifásítì ní ọ́fíìsì kan tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni láti mú irú nǹkan báyìí dé ọjà. Ọ́fíìsì náà ní ká dá a padà kíá, kí ẹnikẹ́ni má bàa jí ọgbọ́n inú rẹ̀, títí ìgbìmọ̀ kan á fi jókòó pinnu ẹni tó ni ín. Ìgbìmọ̀ ò tíì jókòó. Bóyá wọn ò rí àga.

Kì í ṣe pé wọn ò ṣiṣẹ́ o. Gbogbo ìgbà tí ọ̀gá yunifásítì tuntun bá dé, wọ́n á gbé e jáde nínú gíláàsì, wọ́n á so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọn, ọ̀gá á gé e, wọ́n á jẹ ráìsì, wọ́n á tún tì í mọ́lé. Ẹ̀rọ wo ló tún rí irú ìkẹ́ bẹ́ẹ̀? Dókítà á sì tún dìde ṣàlàyé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Lẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn, ó pè mí: "Bàbá Ruqoyah, ojú ẹ̀rọ yìí ti ń tì mí."

Lọ́dún tí a dá ẹ̀rọ náà padà gan-an ni ẹ̀rọ ìlọke mú Hafeez. Gbogbo ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lọ. Dókítà wá kí i lọ́sibítù. Ó kàn di ọwọ́ kejì mú.

Níbi ìsìnkú, olórí ọ́fíìsì náà ní láti fi bu ọlá fún un, àwọn yóò tún fi ríbọ́ọ̀nù ṣí ẹ̀rọ náà, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lára rẹ̀. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

Ta ló ní ká dá a padà? Àwọn wo ló wà nínú ìgbìmọ̀ tí kì í jókòó? Owó gbogbo wa ni, ẹ dárúkọ wọn fún wa. Kí ẹ sì tó ra ríbọ́ọ̀nù, ẹ gbé ẹ̀rọ náà wá sí Ọ̀tà.

Bí ẹ bá kọ̀, Hafeez ní òun gan-an yóò wá gé ríbọ́ọ̀nù náà. "Kí wọ́n ṣáà wá ẹni tó máa bá mi di sísọ́ọ̀sì mú."