Àga Alága Tó Há Sọ́wọ́ Ọ̀gá Ọjọ́bọ̀

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹta ọdún 2019, ẹgbẹ́ òṣèlú kan ní ìpínlẹ̀ yìí péjọ láti dìbò yan alága, wọ́n sì yan méjì. Mo yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìwé ìròyìn méjì tí kì í sábà fohùn ṣọ̀kan, mo sì tún bi àwọn tó wà níbẹ̀. Òótọ́ ni. Apá kan dìbò nínú gbọ̀ngàn, apá kejì dìbò níta lábẹ́ àtíbàbà, oníkálukú sì pàtẹ́wọ́ fún ẹni tiẹ̀.

Ohun tí ìwé ìròyìn méjèèjì ò kọ ni pé àga tó yẹ kí alága tuntun jókòó lé kò sí nínú gbọ̀ngàn, kò sì sí lábẹ́ àtíbàbà. Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù gbẹ́nàgbẹ́nà kan lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́, ó dojú délẹ̀, awọ ìjókòó rẹ̀ ti ya.

Gbẹ́nàgbẹ́nà yìí ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọ̀gá Ọjọ́bọ̀. Kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n bí i. Ọjọ́ tó máa ń dá fún oníbàárà ni. Bí ẹnì kan bá gbé ilẹ̀kùn wá lọ́jọ́ Ajé, yóò ní, "Ẹ padà wá lọ́jọ́bọ̀." Bó bá padà wá lọ́jọ́bọ̀, yóò ní, "Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni mo wí." Ìyàwó rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, sọ fún mi pé ibùsùn ìgbéyàwó àwọn gan-an, àkọ́bí àwọn ti ń rìn kó tó kàn án tán. "Orí ẹní la bí i sí," ni màmá wí.

Òun ló kan àga náà fún alága àkọ́kọ́, hẹ́dìmásítà kan tó ga bí òpó iná. Hẹ́dìmásítà ní òun ò fẹ́ tìmùtìmù, pé ẹni tí ìdí bá tù kì í tètè dìde. Òun náà ló fi lélẹ̀ pé ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá yàn kò tíì di alága títí yóò fi jókòó sórí àga yẹn lójú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin olówò sìmẹ́ńtì kan dé, ó sanra, wọ́n la apá àga sí i, wọ́n sì fi awọ bo ìjókòó. Ẹni kẹta kúrú. Ó ní kí wọ́n fi igi kún ẹsẹ̀ àga kí àlejò má baà máa wo òun láti òkè. Àga ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀gá ń fì bí ẹsẹ̀ ọmọ ìléèwé, ni wọ́n bá gbé àpótí kan sábẹ́ tábìlì fún un.

Ìwé pélébé tí ẹgbẹ́ tẹ̀ jáde sọ pé "pẹ̀lú ìfẹ́ àti ìrẹ́pọ̀" ni ipò náà fi ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ti ẹlòmíràn, pé àìlera ló mú kí hẹ́dìmásítà fi í sílẹ̀. Mo wá ọmọ rẹ̀ obìnrin kàn. "Àìlera wo?" ló bi mí. "Bàbá mi gun kẹ̀kẹ́ títí wọ́n fi di ẹni ọgọ́rin ọdún." Ọ̀gá Ọjọ́bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí hẹ́dìmásítà "ṣàárẹ̀" yẹn gan-an ni wọ́n gbé àga náà wá fún òun, apá rẹ̀ kan ti kán.

Mi ò gba gbogbo ọ̀rọ̀ tiẹ̀ náà gbọ́. Ó ní igi kan ṣoṣo lòun fi ṣe é látòkè délẹ̀. Nígbà tí mo fojú ara mi rí àga náà, mo yí i po, mo rí oríṣi igi mẹ́ta.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹgbẹ́ yẹn ńkọ́? Ṣé igi kan ni?"

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdìbò ni wọ́n gbé e wá pé kó pààrọ̀ awọ. Iṣẹ́ ọ̀sán kan péré ni. Ó dá ọjọ́bọ̀. Ọjọ́bọ̀ kọjá, kò fọwọ́ kàn án. Ká ní ó ti parí ẹ̀ ni, ilé ẹgbẹ́ ni wàhálà náà ì bá mọ sí.

Lọ́jọ́ Àìkú, alága inú gbọ̀ngàn dé pẹ̀lú àwọn géńdé mẹ́ta. Kọngílá ni wọ́n ń pè é, torí ọ̀nà ló máa ń ṣe fún ìjọba.

"Ọ̀gá, a wá gbé àga wa."

"Ẹ káàbọ̀, sà. Kò tíì gbẹ."

"Kí ni kò gbẹ?"

"Gọ́ọ̀mù." Kò tíì fi gọ́ọ̀mù kankan sí i.

"Ìgbà wo ló máa gbẹ?"

"Ọjọ́bọ̀, sà."

Ọ̀kan nínú àwọn géńdé náà wo pákó tó tò ti ògiri, ó wo òkè níbi tí tọkọtaya náà ń gbé. "Bàbá," ló wí, "iná ò mọ pákó alága yàtọ̀ sí pákó lásán o."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà, alága abẹ́ àtíbàbà dé. Lọ́yà ni tiẹ̀. Òun nìkan ló wá, ó sì rọra jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Mi ò wá halẹ̀ mọ́ yín, bàbá. Òfin ni mo wá sọ. Ẹni tó bá gbé ẹrù ẹgbẹ́ fún ẹni tí kì í ṣe alága, ẹ̀wọ̀n ń bẹ níbẹ̀."

"Ẹ̀wọ̀n kẹ̀? Ẹ dákun, sà, ẹ padà wá lọ́jọ́bọ̀."

"Èmi lẹ tún ń dá ọjọ́bọ̀ fún?"

"Gbogbo ayé ni mò ń dá a fún, sà."

Bó ṣe jáde, ìyàwó sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. "Bàbá ọmọ mi, ẹ gbé àga burúkú yìí fún ọ̀kan nínú wọn, ká lè sinmi."

"Èwo nínú wọn?"

Bí wọ́n bá gbé e fún Kọngílá, ẹ̀wọ̀n. Bí wọ́n bá gbé e fún Lọ́yà, iná. Ilé ni, ṣọ́ọ̀bù ni, gbogbo ohun tí wọ́n sì ní láyé wà láàárín ògiri mẹ́rin yẹn.

Ni Ọ̀gá Ọjọ́bọ̀ bá mú òòlù, ó tú àga náà palẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ sájà, ó gbé ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri, ó ti apá méjèèjì sábẹ́ ibùsùn tó kàn nígbà tí ọmọ ti ń rìn. Ó ní irọ́ lòun ti ń pa látàárọ̀ pé iṣẹ́ gọ́ọ̀mù ṣì wà lára rẹ̀, ó ti wá di òótọ́.

Mo bi àgbà ẹgbẹ́ kan pé kí ló dé tí wọn ò kàn kan àga mìíràn. Ó wò mí bí ẹni tí ò gbọ́n. "Ẹni tó bá kọ́kọ́ jókòó sórí àga tuntun ti jẹ́wọ́ pé òun kọ́ ló ni ti tẹ́lẹ̀."

Ọjọ́bọ̀ lórí ọjọ́bọ̀, wọ́n ń wá. Bàbá á sọ ẹsẹ̀ àga kan kalẹ̀, á máa fi sáńpépà ha á. Lọ́jọ́ kan, Kọngílá pariwo: "Ọ̀gá yìí, ṣé ọkọ̀ ojú omi lẹ̀ ń kàn ni?" Àwọn ará àdúgbò náà ò jẹ́ kó sinmi: "Ọ̀gá, alága mélòó lẹ ní lónìí?" Òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó ti kó fọ́tò àwọn ọmọ lọ sílé àbúrò rẹ̀.

Nínú oṣù karùn-ún, àwọn àgbà ẹgbẹ́ láti olú-ìlú dá sí i. Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni rédíò kéde rẹ̀. Màmá ń lọ aṣọ lọ́wọ́. Ó gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀, ó sáré sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó pẹ̀lẹ́bẹ́ sórí lẹ́búlẹ́bú pákó, ó sì ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Kí ló dé? Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ti yọ àwọn méjèèjì! Akápò ni wọ́n fi ṣe alága! Ẹ dìde, ẹ kan àga yín!"

Ṣẹ́ẹ̀tì náà jóná. Bàbá wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo lọ kí i.

Akápò yìí, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ti bá alága mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣiṣẹ́. Ó dé lọ́jọ́ kejì láti dán àga tí Bàbá ti tò pọ̀ padà wò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan ilẹ̀.

"Ọ̀gá, ṣé ẹyẹ ni mí?"

"Ẹni kẹta ló ní kí n fi kún un, mà."

"Ẹ gé ohun tó fi kún un kúrò."

Ó gé e lójú ẹsẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ṣa àwọn ègé igi náà, ó fi ọ̀kan há ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kó lè ṣí sílẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀, Akápò jókòó, wọ́n pàtẹ́wọ́, gbogbo wọn nínú gbọ̀ngàn kan ṣoṣo. Mo bi ìyàwó bóyá ọkọ rẹ̀ ti mú ọjọ́bọ̀ ṣẹ rí ṣáájú ìyẹn. Ó ní òun ò rántí.

Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ẹtì nígbà tí mọ́tò Kọngílá dúró níwájú. Màmá dìde. Bàbá gbé òòlù sílẹ̀, ó tún gbé e. Ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀ lóun nìkan, kò sí géńdé kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ó wo ibi tí àga náà wà tẹ́lẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ní òun ti fi ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀, òun àtàwọn kan ń dá tiwọn sílẹ̀. Mo gbọ́ tí màmá mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mi.

"Ẹ bá mi kan àga kan, Ọ̀gá," ni Kọngílá wí. "Kó ga ju tiwọn lọ díẹ̀. Ẹ ṣáà má dá ọjọ́bọ̀ fún mi."