Kọ́kọ́rọ́ Tuntun Lórí Gìtá Bàámi

Tí o bá ń gba àdúgbò àwọn onítẹ̀wé kọjá ní Ṣómólú, imú rẹ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún ọ pé o ti débẹ̀. Òórùn íǹkì ni, tó pò mọ́ ti kẹrosíìnì tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀rọ, àti ti bébà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Òórùn yẹn ni òórùn bàbá mi. Onítẹ̀wé ni Bàámi títí ọlọ́jọ́ fi dé, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wá iṣẹ́ wá sí Èkó, tó sì fi Bàrígà ṣe ilé. Inú àdúgbò onítẹ̀wé yẹn náà ni ọkùnrin kan tó ń tún gìtá ṣe gbé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sí, láàárín ẹni tó ń gé bébà àti ẹni tó ń tẹ káàdì ìgbéyàwó. Ọjọ́ tí mo gbé gìtá Bàámi lọ bá a, ó ń lọ sí ọdún kan tí Bàámi ti kú. Òórùn yẹn gbá mi lẹ́nu ọ̀nà, mo sì dúró gbagidi bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá ṣe.

Kọ́kọ́rọ́ orí gìtá náà ni mo fẹ́ pààrọ̀. O mọ̀ wọ́n, àwọn irin kéékèèké orí gìtá tí a fi ń yí okùn kó le tàbí kó rọ̀, kí ohùn rẹ̀ lè gòkè tàbí kó wálẹ̀. Gìtá oníná àtijọ́ ni ti Bàámi, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì ti dípẹtà tán. Orí ọ̀kan tilẹ̀ ti kán dànù, ẹ̀mú ni Bàámi fi ń yí i. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ tí wọ́n ń kùn pé, “Kọ́kọ́rọ́ yìí tún ti yọ̀.” Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí owó díẹ̀ ń wọlé, mo ní kí n ra tuntun fún wọn. Bàámi rẹ́rìn-ín. “Fi wọ́n sílẹ̀ jàre,” ni wọ́n wí. “Wọ́n ń ṣiṣẹ́ wọn.” Mo gbà pé ọ̀rọ̀ àgbà ni, pé àwọn àgbà kì í fẹ́ kí á fọwọ́ kan nǹkan wọn.

Ìdí tí mo fi wá pààrọ̀ wọn ni Màámi. Màámi ni olórin ilé wa. Ọmọ Ìlàjẹ ni wọ́n, etí omi ní Bàrígà ni wọ́n ti ń yan ẹja láti ìgbà tí wọ́n wà ní ọmọge, èéfín ẹja sì wà lára aṣọ wọn bí íǹkì ṣe wà lára ti Bàámi. Bí wọ́n bá pe orin àkànṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn méjèèjì nìkan ló máa ń jáde, Bàámi pẹ̀lú gìtá, Màámi pẹ̀lú ohùn, láìsí ohun èlò mìíràn. Màámi ò mọ orúkọ ohùn kankan nínú orin, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ibi tí ìka Bàámi máa ń wà. Ìlà irin kẹta lọ́rùn gìtá ni, bí ìka bá sì ṣe jìnnà sí orí gìtá tó lórí àwọn ìlà yẹn ni ohùn ń ga tó. Bí wọ́n bá fẹ́ yọ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lẹ́nu, àwọn tí ohùn wọn ti rẹlẹ̀, wọ́n á ní ìlà kẹta làwọn fi kọrin ní ọmọge, ìlà kẹta náà làwọn ṣì fi ń kọ ọ́. Bàámi á kàn máa wo ilẹ̀.

Láti ọjọ́ tí a ti sin Bàámi, Màámi ò kọrin mọ́. Nídìí ẹja pàápàá, ẹnu wọn dákẹ́. Bí ìsìn ìrántí ọdún kan ṣe ń súnmọ́, mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà pé àwọn á kọ orin tí Bàámi fẹ́ràn jù, tí èmi tí Bàámi kọ́ ní gìtá bá lè bá wọn ta á. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ ọ́ fún mi: “Tí mi ò bá lè kọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, mo ti bá orin parí nìyẹn.” Màámi kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré. Ẹ̀rù bà mí. Mo sọ fún ara mi pé kọ́kọ́rọ́ ìpẹtà ò ní dójú ti ìyá mi níwájú ìjọ.

Mo ra kọ́kọ́rọ́ tuntun, àwọn tó ń dán yinrin, irú èyí tó máa ń fẹnu gbá okùn mú tí kò ní jẹ́ kó yọ̀. Nígbà tí ọkùnrin tó ń tún gìtá ṣe náà ta okùn àtijọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó mi orí. Ó ní, “Sístà, ẹ wo bí okùn yìí ṣe rọ̀ tó. Kọ́kọ́rọ́ yìí ti kú pátápátá.” Èmi náà mi orí bí ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó nu ojú igi, ó lu ihò tuntun, ó de kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn, a sì fi okùn tuntun sí i. Ohun kan wà lórí fóònù mi tó máa ń tan iná àwọ̀ ewé bí ohùn okùn bá ti bọ́ síbi tí gbogbo ayé fi í sí. Okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tan iná. Inú mi dùn débi pé mo ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé láìmọ̀ pé oòrùn ń pa mí.

Nílé, Màámi jókòó sórí àga tó kọjú sí fèrèsé. Mo fi ìka sí ìlà kẹta, mo ta á. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ dáadáa, àfi bí orin ṣe dé ibi tó ti ń gòkè, tí ohùn wọn gùn ún dé ìdajì tó sì já. Wọ́n mu omi, wọ́n ní ká tún un bẹ̀rẹ̀. Ó tún já. Wọ́n bi mí bóyá ìlà kẹta ni mo wà. Mo gbé ọrùn gìtá síwájú wọn kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Wọ́n wo ìka mi, wọ́n wo ojú mi, wọ́n dìde.

“Bàbá ẹ ti gbé ohùn mi lọ,” ni wọ́n wí, wọ́n sì wọ kíṣìnì lọ.

Ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú. Báwo ni gìtá á ṣe dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí ẹni tó ń bá a kọrin á wá burú sí i? Mo yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù, iná àwọ̀ ewé. Mo gbé e padà lọ sí Ṣómólú, ọkùnrin náà ní kọ́kọ́rọ́ ò ṣe nǹkan kan, kí n lọ fún Màámi ní oyin àti atalẹ̀. Mo fún wọn. Ohùn náà tún já síbi tó ti ń já. Mo ní ẹ jẹ́ kí n gbé ìka wá sí ìlà kìíní, kó lè rọ̀ yín lọ́rùn díẹ̀. Màámi kọ̀ jálẹ̀. Ìlà kẹta ni ti àwọn àti Bàámi, tí kò bá gba ibẹ̀, kó má gba ibì kankan. Mo bú ọkùnrin yẹn nínú, mo bú kọ́kọ́rọ́, mo bú ara mi. Mo tilẹ̀ ń rò ó pé bóyá Bàámi ló ń bínú lọ́run pé mo fọwọ́ kan nǹkan àwọn, èmi tí mo máa ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, nígbà tí Màámi wà létí omi, mo jókòó ti fóònù, mò ń wo àwọn fídíò tí mo ti gbà sílẹ̀ nígbà tí àwọn méjèèjì bá ń kọrin. Àárò wọn ló ń sọ mí. Mo gbé gìtá lé itan, mo ní kí n máa ta á tẹ̀lé Bàámi. Ìka Bàámi wà ní ìlà kẹta, tèmi wà ní ìlà kẹta, ohùn méjèèjì ò sì bára mu. Ti Bàámi rẹlẹ̀ ju tèmi lọ. Mo rò pé fóònù ti bàjẹ́. Mo ṣí fídíò mìíràn tó pẹ́ ju ìyẹn lọ, ìyẹn súnmọ́ tèmi díẹ̀. Mo ṣí èyí tó pẹ́ jù, tí irun Bàámi ṣì dúdú nínú rẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú tèmi. Mo wá wò wọ́n láti ti àtijọ́ dé ti ìkẹyìn. Ìka Bàámi ò kúrò lójú kan. Ohùn gìtá náà ló ń wálẹ̀, díẹ̀díẹ̀, lọ́dọọdún.

Kò kọ́kọ́ yé mi. Mo ní ó dáa, kọ́kọ́rọ́ burúkú yẹn ló ti ń yọ̀ látọjọ́ yìí. Ṣùgbọ́n bí kọ́kọ́rọ́ bá ń yọ̀, kì í yọ̀ dọ́gba. Ọ̀kan á yọ̀ púpọ̀, èkejì á yọ̀ díẹ̀, gìtá á sì máa ké játijàti. Ti Bàámi ò ké játijàti nínú ìkankan. Okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bára wọn rẹ́ bí ọmọ ìyá. Ẹnìkan ló ń fọwọ́ yí wọn wálẹ̀ pọ̀. Mo wá rántí Bàámi lórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀mú lọ́wọ́, tí wọ́n ń kùn pé kọ́kọ́rọ́ tún ti yọ̀. Màámi á wà ní kíṣìnì ní gbogbo àkókò yẹn. Bí Bàámi bá ṣe tán, wọ́n á wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, Màámi á nu ọwọ́ nù, wọ́n á sì jáde wá kọrin.

Ohùn Màámi ti ń rẹlẹ̀ bíi ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, nítorí ọjọ́ orí àti èéfín ẹja. Bàámi kàn ń gbé gìtá sọ̀kalẹ̀ tẹ̀lé wọn ni, kí ìlà kẹta má baà bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi jẹ́ kí n ra kọ́kọ́rọ́. Èmi aláṣejù ni mo wá fi kọ́kọ́rọ́ olówó ńlá gbé gìtá náà padà sókè, síbi tí Màámi wà ní ọmọge. Mo gbé e sílẹ̀, mo sunkún bí ọjọ́ tí a sin Bàámi.

Bẹ́ẹ̀ ni ìdààmú náà ò tán. Ṣé kí n sọ fún wọn ni, àbí kí n dákẹ́? Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á mọ̀ pé Bàámi ò gbé ohùn wọn lọ, pé ó wà níbẹ̀, ó kàn rẹlẹ̀ ni. Ìlà kẹta tí wọ́n fi ń yangàn wá ńkọ́? Ẹ̀rín tí wọ́n ti ń fi àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rín ńkọ́? Mo rò ó síhìn-ín, mo rò ó sọ́hùn-ún, ọjọ́ ìsìn pé, mi ò tíì mọ èyí tó tọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, mo jókòó sórí àpótí Bàámi ní ẹ̀yìnkùlé, mo yí okùn wálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi bá ti fídíò ìkẹyìn mu. Mo rántí pé Màámi ò kọrin fún odindi ọdún kan, mo tún yí wọn wálẹ̀ díẹ̀ sí i. Fóònù mi ń tan iná pupa, mo pa á. Kọ́kọ́rọ́ tuntun náà dúró gbọin síbi tí mo fi wọ́n sí.

Níwájú ìjọ, mo ki wáyà gìtá bọ ẹ̀rọ, Màámi sì wo ìka mi kí wọ́n tó la ẹnu. Mo ta á. Ohùn wọn jáde, ó ń gbọ̀n díẹ̀, ó dé ibi tó ti ń já, ó sì kọjá. Díẹ̀ ló kù kí n ṣi okùn ta. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti dìde dúró, àwọn kan ń sunkún, Màámi ò sunkún. Nígbà tí a padà jókòó, wọ́n fi ìka kan orí gìtá, níbi tí kọ́kọ́rọ́ ti ń dán.

“Wọ́n ń ṣiṣẹ́ wọn,” ni wọ́n wí.

Ọ̀rọ̀ Bàámi gan-an. Mo yára wo ojú wọn, wọ́n ti kọjú sí pásítọ̀, mi ò rí nǹkan kan kà níbẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mi ò ti mọ ẹni tó ń bo ẹnì kejì láṣìírí nínú àwọn òbí mi. Mo ti fi gbogbo ayé mi pe ohun tó wà lórí gìtá yẹn ní ohun tó bàjẹ́, àṣé òun ni wọ́n fi ń ṣìkẹ́ ara wọn. Màámi ti ń kọrin déédéé báyìí. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo gbé gìtá lọ sí ẹ̀yìnkùlé kí a tó múra ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gbójú sókè, mo rí i pé Màámi ti kúrò ní pálọ̀, wọ́n ti lọ dúró ní kíṣìnì. Kò sí ìkòkò lórí iná, kò sí abọ́ tí wọ́n ń fọ̀. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan, kí ló ń dúró dè níbẹ̀? Mi ò bi wọ́n. Mo yí okùn wálẹ̀ díẹ̀, mo sì wúkọ́.