Sọ́fúwíà Àyálò àti Pélé Ojú Ìyá Àgbà

Látọjọ́ tí dókítà ojú ti sọ fún wa pé ohun tó ti lọ nínú ìríran ìyá mi kò ní padà mọ́, ara mi ò balẹ̀. Mo ń jókòó, mo ń dìde. Mo máa gbé omi kaná, màá gbàgbé pé mo gbé nǹkan kaná. Oògùn tí wọ́n ní ká máa kán sí i lójú, ìyókù ló ń bá wa dì mú, dókítà ò sì lè sọ ìgbà tó máa dì í mú dà.

Ìyá mi ò sunkún. Ó kàn ní ohun kan ṣoṣo ló wu òun kí ilẹ̀ tó ṣú sí òun lójú: òun fẹ́ rí ojú ìyá òun lẹ́ẹ̀kan sí i. Fọ́tò kan péré ni Ìyá Àgbà yà láyé rẹ̀, níwájú ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta aṣọ ní Fante New Town, nígbà tí kò tíì pẹ́ tó ti Ọ̀ffà dé Kumasi. Òjò ti ba fọ́tò náà jẹ́ tipẹ́. Fíìmù rẹ̀ ló kù, ègé pẹlẹbẹ kan nínú agolo bisikíìtì, tó jẹ́ pé ibi tó yẹ kó funfun ló dúdú, ibi tó yẹ kó dúdú ló funfun. Èmi ni ayàwòrán nílé wa, èmi ni mo ṣì ń fi fíìmù ṣiṣẹ́ nígbà tí gbogbo ayé ti gba ọ̀nà fóònù lọ. Bí kì í bá ṣe èmi, ta ni kó ṣe é?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ yẹn ṣe rí ní ṣókí. A ó gbé fíìmù sórí síkánà, síkánà á gbé àwòrán wọ inú kọ̀ǹpútà, sọ́fúwíà ni yóò wá yí dúdú padà sí funfun. Òun náà la fi ń nu eruku kúrò, àti gbogbo ojú ibi tí fíìmù ti ha. Ọdún gbọọrọ ni mo fi lo èyí tí mo rà nínú síídì. Mo sanwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó di tèmi, bí ìkòkò tí mo fi ń se ọbẹ̀. Kò gbọ́n o. Ohun tí mo bá ní kó ṣe nìkan ló ń ṣe. Àmọ́ orí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan báyìí nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́, kọ̀ǹpútà náà sì wúwo bí àpò sìmẹ́ńtì, àbúrò mi ọkùnrin ò sì yéé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀.

Santasi ni àbúrò mi ń gbé, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe jẹun, bó bá sọ gbólóhùn kan ní Yorùbá, èdè Twi ló máa fi parí rẹ̀. Òun ló gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká kan fún mi tó sì fi sọ́fúwíà tuntun sí i, èyí tí a ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù. Ó ní kò sẹ́ni tó ń ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́, pé a kàn ń yá a lò ni, àwọn tó ni ín lókè òkun yóò sì máa tún un ṣe fúnra wọn. Mo ní ìgbà tí mi ò bá wá rówó san ńkọ́? Ó ní, "Sista, gyae," kí n fi ọ̀rọ̀ àtijọ́ sílẹ̀. Mo gbà, torí n kì í purọ́, ohun tó ń gbà mí ní odidi ọ̀sán láti nù, ìṣẹ́jú àáyá ni tuntun yìí fi ń nù ún. A gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ lọ sí yàrá ìyá mi ní Fante New Town. Ìyá mi da aṣọ lé e, ó gbé rédíò àti Bíbélì rẹ̀ sórí rẹ̀, mo sì rò pé ó parí síbẹ̀.

Sọ́fúwíà tuntun ni mo fi ṣe fíìmù Ìyá Àgbà, ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Asafo, táwọn mate tó ń pe èrò sọ́kọ̀ ń pariwo "Santasi, Santasi" lẹ́yìn fèrèsé. Ojú ń kán mi. Mo rí i pé ó mọ́ tónítóní, mo kí ara mi kú iṣẹ́, mo tẹ̀ ẹ́ sórí pépà ńlá kí ojú ìyá mi lè gbé e. Nínú ọkọ̀ tròtrò tí mo wọ̀ lọ bá ìyá mi, mi ò tilẹ̀ dúró gba ṣéńjì.

Ìyá mi gbé e lọ sójú fèrèsé. Ó mú un súnmọ́ ojú, ó mú un jìnnà, ó yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ta ni obìnrin yìí?"

Mo ní Mama, Ìyá Àgbà ni.

"Kì í ṣe ìyá mi."

Inú bí mi. Kí n sòótọ́, ó bí mi gan-an. Mo ní bóyá ojú yín ló ń ṣe yín bẹ́ẹ̀, Mama, ẹ jẹ́ ká tan iná sí i. Ó gbé fọ́tò lé mi lọ́wọ́. Ó ní ojú òun ló ń ṣú, orí òun ò tíì dàrú. Ó ní ìyá òun kọ pélé, mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì. Pélé ọ̀hún dà?

Mo wò ó. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì ń dán gbinrin. Sọ́fúwíà àyálò ti rí ìlà ojú Ìyá Àgbà, ó rò pé fíìmù ló ha, ó sì nù ún dànù pẹ̀lú eruku. Kò bi mí. Èmi náà ò sì rí i! Kumasi ni wọ́n bí wa sí, kò sẹ́ni tó kọlà nínú wa, eruku ni mo ń wá kiri lójú ìyá ìyá mi. Ojú tì mí, ó tì mí débi pé mi ò lè bẹ̀bẹ̀. Mo kàn gbé báàgì mi, mo padà sí Asafo.

Ibẹ̀ ni mo ti bá èyí tó ju ìyẹn lọ. Owó oṣù ti tó san, báńkì ti kọ káàdì mi, sọ́fúwíà ti tilẹ̀kùn. Ó ní mo lè wo àwòrán, mi ò lè fọwọ́ kàn án. Mo pe àbúrò mi, mo sì fi ìbínú sọ̀rọ̀ sí i. Ó ní kí n máa bínú, pé àìpẹ́ yìí ló tún ara rẹ̀ ṣe tó wá ń nu nǹkan láìbèèrè, pé òun máa bá báńkì sọ ọ́ lọ́la. Ọ̀la dé, nẹ́tíwọ̀kì ò sí. Ọ̀tunla dé, ó tún di ọ̀la. Mo lọ wo ìyá mi, mo bá a tó ń fọwọ́ tọ ògiri kó tó lè dé ibi àga rẹ̀. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mi ò lè wọlé. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn, bí kò fún un lẹ́sẹ̀, á ṣò ó, rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu.

Mo gbé síkánà mi láti Asafo wá sí Fante New Town. Mo gbé rédíò kúrò, mo gbé Bíbélì kúrò, mo ká aṣọ. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kérora, ó pẹ́, ó pẹ́ títí tí mo fi ń rìn yíká yàrá, ìyá mi ní kí n jókòó, ẹsẹ̀ mi ń yọ òun lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ là. Kò béèrè owó, kò béèrè nẹ́tíwọ̀kì, kò béèrè ẹni tí mo jẹ́. Inú mi dùn, mo gbá a lẹ́yìn bí ìgbà téèyàn bá ń gbá ọmọ lẹ́yìn kó lè gùnfẹ̀.

Ọwọ́ ni mo fi ń nù ún, ẹyọ eruku kọ̀ọ̀kan. Mo nu ara ògiri ṣọ́ọ̀bù, mo nu aṣọ ọrùn rẹ̀, mo dé ojú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ò ní wàhálà, ìlà mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ìlà márùn-ún ni mo bá lósì, gbogbo wọn dúdú bákan náà. Fíìmù ha níbẹ̀ lóòótọ́. Èwo ni pélé, èwo ni fíìmù tó ha? Bí mo bá ṣì í pa, ojú ẹlòmíì ni màá tún gbé lé ìyá mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Mo pè é. Ó wá, ó tẹ̀ba síwájú kọ̀ǹpútà, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gún un lójú, omi bọ́. Ó ní òun ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Mo ní kò burú, Mama, kò burú, ṣùgbọ́n ó burú.

Ó nu omi ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Sún mọ́ mi."

Mo súnmọ́ ọn. Ó di àgbọ̀n mi mú, ó fi èékánná fa ìlà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì mi láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ó fa ìkejì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tó dé orí ìkẹta, èékánná rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lókè ju àwọn yòókù lọ, ó wá tẹ̀ gba apá etí lọ.

"Màámi yí orí nígbà tí olóòlà ń kọ ọ́," ó ní. "Ibí yìí ni mo máa ń fọwọ́ sí tí mo bá ń mu ọmú. Wọ́n ní mi ò ní sùn àfi tí ọwọ́ mi bá wà níbẹ̀."

Mo sunkún. Èékánná rẹ̀ ṣì ń ta mí lẹ́rẹ̀kẹ́ nígbà tí mo sáré padà sídìí kọ̀ǹpútà. Ìlà tó tẹ̀ yẹn, òun gan-an ni ǹ bá kọ́kọ́ pa rẹ́, torí pé ó wọ́. Mo fi í sílẹ̀. Méjì tó gún régé tí kò sí níbi tí ọwọ́ rẹ̀ gbà, àwọn ni mo nù.

Àbúrò mi ló bá wa tẹ̀ ẹ́ ní Asafo tó sì gbé e wá. Ó ní báńkì ti yanjú, sọ́fúwíà tuntun ti ṣí, mo lè padà síbẹ̀. Ìyá mi ni mo ń wò.

Ó gbé e lọ sójú fèrèsé bíi ti àkọ́kọ́. Ó mú un súnmọ́ títí imú rẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ kan pépà. Ìka rẹ̀ ń rìn lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, ó dé ibi tó tẹ̀, ó dúró síbẹ̀. Ó gbé fọ́tò náà ti ara àga rẹ̀, ó di apá àga mú, ó sì rọra kúnlẹ̀ níwájú obìnrin tó kéré sí i lọ́jọ́ orí nísinsìnyí.

"Ẹ kú àtijọ́, Màámi," ó ní. "Ẹ ò tiẹ̀ dàgbà."

Àbúrò mi wò mí, mo wò ó. Kò sẹ́ni tó ní kó dìde nínú wa.