Abọ́ Ìléyá Tí Kò Tètè Padà

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo ti ń ṣe tíṣà ní Rumuigbo, mo na ọmọ kíláàsì ẹlòmíràn láìsọ fún olùkọ́ rẹ̀. Ọmọ Ikwerre, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, ni olùkọ́bìnrin náà, ó sì jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Láti ọjọ́ náà kò kí mi mọ́, ìgbéraga kò sì jẹ́ kí n bẹ̀ ẹ́. Àwọn ọmọ gba ìjà wa rù. Kíláàsì méjèèjì kò jọ gbá bọ́ọ̀lù mọ́.

Nígbà tí Ìléyá dé, mo fi abọ́ tánganran ìyàwó mi gbé ẹran ránṣẹ́ sí i, nítorí ẹni tó bá yọ oníjà rẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹran ọdún ti sọ ìjà di ogún. Ó gba ẹran, ṣùgbọ́n abọ́ kò padà fún oṣù méjì ó lé. Mo gbà pé ẹ̀gàn ni.

Lọ́jọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ ń ṣe Kérésì, ó gbé abọ́ náà wọ kíláàsì mi, ìrẹsì kún un dẹ́nu. Ó fi Píjìn rẹ̀ dá mi lóhùn kí n tó sọ̀rọ̀:

“Tíṣà, ẹ rò pé mo ti jí abọ́ yín, àbí? Ọdún lẹ fi gbé e wá. Ṣé kí n wá dá a padà lófìfo ni?”

Mo dọ̀bálẹ̀, mo tọrọ àforíjì nítorí ọmọ tí mo nà.

“Ẹ dìde jàre, ṣọ́ọ̀kì ń yí mọ́ yín láṣọ!”

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí. Kí a tó jẹ ìrẹsì náà tán, kíláàsì méjèèjì ti jọ gbé bọ́ọ̀lù jáde.