Ìdí Igi Méjì Nínú Kọ̀ǹpútà Kan

Òórùn eruku gbígbóná ló máa ń jí mi láràárọ̀ Sátidé. Tí Bọ̀ọ̀dá Mufu bá ti tan kọ̀ǹpútà wa ní pálọ̀, fáànù inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í hó, eruku tó ti wọ̀ ọ́ látìgbà ọyẹ́ á gbóná, òórùn náà á sì wá bá mi lórí ẹní. Màá fò dìde láìbọ́jú. Ara mi kì í balẹ̀ tí ẹlòmíì bá wà nídìí ẹ̀rọ yẹn.

Bàbá mi, tó ń ránṣọ nítòsí Ọjà Akẹ̀sán, ló ra kọ̀ǹpútà náà ní tòkunbọ̀ ní Takie, l'Ógbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí fáírọ́ọ̀sì pa Wíńdòsì inú rẹ̀, ẹni tó tà á kó oríṣiríṣi Linux, ètò tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ bíi Wíńdòsì, lé wọn lọ́wọ́ nínú sídíì: Ubuntu, Mint, Debian, àti àwọn mìíràn tí mo ti gbàgbé. Ó ní ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn, kí a mú èyí tó bá wù wá kí kọ̀ǹpútà máa fi ṣiṣẹ́.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Mufu, àkọ́bí Màmá Àgbà, ìyáálé màmá mi, fara mọ́ Debian nítorí pé kò wúwo. Èmi fẹ́ Mint. Lọ́sẹ̀ kejì mo fẹ́ Ubuntu, nítorí àwọ̀ rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá sì fi tuntun sí i ni iṣẹ́ àwọn yòókù ń pòórá. Màmá mi á ní, "Ẹni tó ń lé eku méjì á pòfo." Àmọ́ ọkàn mi á ti wà lórí sídíì kẹta.

Nígbà tí ariwo pọ̀, Bàbá dá a bí wọ́n ṣe ń pín ogún: ìdí igi. Ìyàwó méjì ló wà nílé, nítorí náà kí a pín inú kọ̀ǹpútà sí méjì ọgbọọgba, kí ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan fi èyí tó wù wọ́n sí tiwọn. Màmá Àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Bàbá Mufu, ẹ̀ ń pín ogún lójú ayé yín?"

Bọ̀ọ̀dá Mufu ò rẹ́rìn-ín. "Orí ò jorí ló yẹ, Bàbá, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tiẹ̀. Àwa mẹ́rin, Síkírá nìkan." Bàbá ní àwọn ti sọ̀rọ̀ tán.

Èmi nìkan ni màmá mi bí. Ìdajì yẹn nìkan ni mo rí nílé tó jẹ́ tèmi àti ti màmá mi. Síbẹ̀ mi ò lè jókòó jẹ́ẹ́ nínú rẹ̀. Bí mo ṣe ń fi Linux kan sí i ni mò ń yọ ọ́, àyè sì ṣófo rẹpẹtẹ. Ti àwọn ọmọ Màmá Àgbà kún fọ́fọ́: fọ́tò, wáàsí, ìbéèrè ìdánwò.

Lọ́jọ́ kan, bí ìdánwò àtiwọ yunifásítì Bọ̀ọ̀dá Mufu ṣe kù sí dẹ̀dẹ̀, kọ̀ǹpútà ò gba iṣẹ́ wọn wọlé mọ́. Wọ́n wá bá mi lẹ́yìnkùlé. "Síkírá, jọ̀ọ́, fún wa lára tìẹ. Tiwa ti kún."

Mo ní rárá, Bàbá ló pín in. Títí dòní mi ò rò pé mo jẹ̀bi. Ẹ̀rù ló bà mí pé tí n bá yọ̀ǹda díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á lọ, kò sì ní sí nǹkan kan nílé yẹn tó ń jẹ́ tiwa.

Màmá mi, tó ń fọ abọ́ níbẹ̀, ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Mufu, gba gbogbo ẹ̀."

Mo bú sẹ́kún. "Màámi, èmi nìkan lẹ bí o!"

"Ta ló sọ fún ẹ?" Wọ́n na ọwọ́ tó kún fún ọṣẹ sí bọ̀ọ̀dá mi. "Èyí tí mo pọ̀n kí n tó mọ̀ pé màá bí ẹ ńkọ́?"

Bọ̀ọ̀dá Mufu ò gbà á bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí n mú Linux kan tí gbogbo wa á jọ máa lò nínú odindi kọ̀ǹpútà. Mo mú Mint, mo fi sílẹ̀, mo mú Ubuntu, mo tún fi sílẹ̀, wọ́n sì ń dúró dè mí. Debian tó ti wà nínú ìdajì tiwọn ni mo mú níkẹyìn, kí iṣẹ́ wọn má baà pòórá.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé báyìí. Kọ̀ǹpútà tèmi láàyè ju ohun tí gbogbo wa nílé lè kó sínú rẹ̀ lọ. Mo ṣì ń pààrọ̀ Linux bí ẹni ń pààrọ̀ aṣọ, ara mi ò tíì balẹ̀. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà yẹn fẹ́ ìdajì tí ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn. Odindi lèmi ní. Lọ́pọ̀ Sátidé mo máa ń tẹ Bọ̀ọ̀dá Mufu láago, kí n bi wọ́n pé èwo ni kí n fi sí i. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. "Ìwọ nìkan lo ni ín. Mú èyí tó bá wù ẹ́."

Wọn ò mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń dùn mí tó.