Èémí Ẹnì Kan Lórí Ìwé Mẹ́ta

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni Graciete fi ṣe nọ́ọ̀sì ní ọsibítù kó tó padà sílé ẹ̀kọ́ ní ìlú ńlá Porto, kó lè gboyè kejì nínú ìtọ́jú òṣìṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló dé. Ìlú àwọn agékùúta ni wọ́n bí i sí. Ikọ́ eruku òkúta ló pa bàbá rẹ̀, láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá sì ni Abílio ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń gé òkúta.

Ìwé ìwádìí kan ṣoṣo ló kù kó gboyè. Ibi ìgékùúta ìlú wọn ló yàn. Ọkọ̀ ayẹ̀wò dé, ogójì ọkùnrin wọ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n dárúkọ, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ sì ya ìlà èémí wọn sórí ìwé. Àlejò lẹni tó ń ṣe ayẹ̀wò, kò mojú ẹnikẹ́ni. Kíláàsì ni Graciete wà lọ́jọ́ náà. Ìwé ni wọ́n kó fún un.

Otília, olùkọ́ rẹ̀, yẹ ìwé náà wò, ó ní èémí inú wọn ti dára jù fún ibi tí eruku pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀. Graciete kó wọn lọ sílé, ó tẹ́ wọn sórí tábìlì, ó ń wò wọ́n bí ẹní ń wo ọwọ́ ìkọ̀wé. Lọ́jọ́ kẹta ló rí i. Ìlà Abílio ga, ó gún, ṣùgbọ́n ó já díẹ̀ láàárín, bí ẹni fẹsẹ̀ kọ. Ti Zeferino, agékùúta ẹgbẹ́ rẹ̀, já níbẹ̀ gan-an. Ti Hermínio náà já níbẹ̀. Hermínio yìí ló ń fọn fèrè idẹ nínú ẹgbẹ́ olórin ìlú. Bó ṣe máa ń já èémí kó tó fọn ohùn tó kàn nìyẹn.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ó bá Abílio nídìí ọbẹ̀ ọ̀dùnkún.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló bá yín fẹ́ ẹ?"

Abílio ń fi búrẹ́dì nu abọ́. "O ti mọ̀ ọ́n. Jálá wáìnì kan ni mo fún un. Èémí ò wọ́n lọ́wọ́ ẹni tó ń fọn fèrè."

Ó ní oṣù mẹ́rìnlá ló kù tóun máa fẹ̀yìn tì. Bí ìwé bá ní òun ń ṣàìsàn, wọn á yọ òun nídìí òkúta, wọn á fún òun ní ìgbálẹ̀. Ó rán an létí Armindo, agékùúta bíi tiwọn, tó retí owó ìjọba nítorí ikọ́ rẹ̀ fọ́dún mẹ́ta, tí lẹ́tà sì dé lọ́sẹ̀ kejì ìsìnkú rẹ̀. Graciete ò lè pè é nírọ́. Òun ló tẹ̀ lé opó Armindo lọ sí ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n bó bá fi ìwé yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, á di àkọsílẹ̀ pé èémí gbogbo wọn pé, ẹnikẹ́ni ò sì ní gbé ẹ̀rọ omi tó ń pa eruku wá síbẹ̀ láé.

Ó ṣá iná ìṣáná, ó gbé e dúró ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sí ẹnu Abílio. "Ẹ lanu. Ẹ má ká ètè jọ. Ẹ fẹ́ ẹ pa."

Iná náà tẹ̀, ó tún dìde. Ó ṣá èkejì. Ẹ̀kẹta jó Graciete níka, ikọ́ sì gbé Abílio.

Nígbà tí ikọ́ náà rọlẹ̀, ó gba páálí ìṣáná lọ́wọ́ rẹ̀, ó kì í bọ àpò. "Ìtọ́jú la ní o lọ kọ́. O wá padà dé bí ọlọ́pàá."

"Mi ò ní dárúkọ yín fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n wọn á tún ayẹ̀wò náà ṣe, èmi ni n ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà."

Ní Ọjọ́bọ̀, ọkọ̀ náà padà wá. Graciete dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ojú tí kò mọ̀ níbẹ̀. Hermínio kọjá, kò kí i. Zeferino ò wá síbi iṣẹ́. Abílio ló kẹ́yìn. Ó fẹ́ atẹ́gùn tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìlà náà gòkè díẹ̀, ó sì wó lulẹ̀. Kò wo ẹ̀rọ, àbúrò rẹ̀ ló ń wò.

"Ṣé ó tó?"

"Kò tó, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó dé fìlà rẹ̀. "Kọ ọ́ kó ṣeé kà nígbà náà. Láti kékeré lọwọ́ ìkọ̀wé rẹ ò ti dáa."

Graciete kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lẹ́tà kan tẹ̀ lé èkejì. Ó ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ níta, títí tó fi padà dé ìdí òkúta.