Lẹ́tà B Tó Sanra Lára Ògiri Ilé Ìgbẹ̀bí

Lẹ́tà B kan wà lára ògiri ilé ìgbẹ̀bí kan ní Adó tó sanra ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Bàbá mi, tó ń fi ọ̀dà kọ orúkọ sára ògiri àti pátákó jẹun, ló kọ ọ́ sínú ọ̀rọ̀ ÌGBẸ̀BÍ, lọ́sàn-án ọjọ́ tí màmá mi ń rọbí nínú ilé náà. Òórùn ọ̀dà tútù tí mo gbọ́ ní àdúgbò Fájuyì láàárọ̀ yìí ló rán mi létí rẹ̀.

Lẹ́tà róbótó tó sanra ni bàbá mi máa ń kọ, kí ẹni tó wà lórí ọ̀kadà lè kà á lókèèrè. Lọ́jọ́ náà, bí màmá bá ti pariwo, bàbá á tún ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, wọ́n á fi kún ikùn B kan náà.

"Bàbá, ó ti tó o."

"Dákẹ́, Ṣadé. Kò tíì tó."

Mo rò pé iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Ẹ̀rù ni, mo ti wá mọ̀ báyìí.

Lójijì, a kò gbọ́ ohùn màmá mọ́. Ọ̀dà ń kán sórí bàtà bàbá. Lẹ́yìn náà ni igbe kékeré kan sọ.

Nọ́ọ̀sì yọjú, ó wo ògiri, ó bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá Ṣadé, ṣé B yín náà lóyún ni? Ẹ fọwọ́, ẹ wá gbé ọmọ yín. Ìyá rẹ̀ á sùn lọ́dọ̀ wa lónìí. Bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá dá, ẹ ó mú àwọn méjèèjì lọ sílé lọ́la."